Ọwọ́ Ọmọ-Iṣẹ́, Èdè Ọmọ-Iṣẹ́: Èrò Wa lórí Bébà Inú Mọ́tò Iná

Bí a bá dárúkọ Aláúsá, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni ọ́fíìsì ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó àti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ṣùgbọ́n àárín àwọn iléeṣẹ́ ni Aláúsá wà. Àgídìngbí àti Ọ̀rẹ́gùn kò jìnnà sí i. Bí a bá sì forí lé ọ̀nà Agége, a ó kan Ògbà. Láti àwọn ọdún 1950, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àgbègbè iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà, ni mọ́tò iná ti ń yí níbẹ̀. Mọ́tò tí à ń wí yìí kì í ṣe ọkọ̀. Ẹ̀rọ tí iná mànàmáná ń mú kí ó máa yí ni: òun ní ń fa omi kànga, òun ní ń yí bẹ́líìtì iléeṣẹ́. Bí ó bá jóná, a kì í sáré sọ ọ́ nù. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń wé kọ́ìlì ni à ń gbé e lọ.

Èrò wa ni pé bébà tí wọ́n ń tẹ́ sínú mọ́tò náà yẹ kí ó jẹ́ èyí tí ọwọ́ ọmọ-iṣẹ́ lè tẹ́ láìṣì í tẹ́, àti pé àwa olùkọ́ Yorùbá ní ipa tiwa nínú bí yóò ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo inú mọ́tò náà. Irin tí ó ní ihò gbọọrọ-gbọọrọ yíká inú ni. Inú àwọn ihò yìí ni wáyà kọ́pà ń wọ̀. A ti fi nǹkan tín-ínrín kun ara wáyà náà kí iná má bàa fò láti orí ọ̀kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ọ̀dà yìí nìkan kò tó. Bébà gbọ́dọ̀ wà láàárín kọ́pà àti irin. Bí ó bá ya, iná yóò bọ́ sí ara irin. Bí wọn kò bá ri wáyà ilẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, ẹni tí ó bá fọwọ́ kan mọ́tò náà lè kú. Nítorí náà, ẹ̀mí ènìyàn wà lórí bébà yìí.

Ooru ni ọ̀tá rẹ̀ àgbà. Káàkiri ayé, ìsọ̀rí-ìsọ̀rí ni wọ́n pín ohun tí ń dínà iná sí: A lè gba 105°C, B 130°C, F 155°C, H 180°C. Òfin àtọwọ́dọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni pé bí ooru bá fi 10°C lé sí i, ọjọ́ ayé bébà náà á dín sí ìdajì. Ẹ wá wo iná tiwa. Nígbà tí agbára iná bá lọ sílẹ̀, tí ẹrù orí mọ́tò kò sì dínkù, iná tí ń gba inú kọ́ìlì á pọ̀ sí i, ooru á sì gòkè. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi rò pé kí a ṣáà máa ra bébà olówó ńlá. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Bébà ìsọ̀rí H tí a tẹ́ wọ́, tí etí irin ti gé, kò lè ṣe iṣẹ́ tí bébà ìsọ̀rí B tí ó jókòó dáadáa ń ṣe. Bí fáníìṣì àti ọ̀pá rọ́bà tí a fi bo ẹnu wáyà bá sì jẹ́ ìsọ̀rí B, ìsọ̀rí B náà ni gbogbo mọ́tò ọ̀hún.

Nínú iléeṣẹ́ tí a ti ṣe mọ́tò, ẹ̀rọ lè gé bébà kí ó sì ká a. Ní ṣọ́ọ̀bù, sísọ́ọ̀sì àti ojú ni. Bí bébà bá kúrú, á yọ́ wọnú. Bí ó bá nípọn jù, kọ́pà kò ní gba inú ihò mọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹnu ihò mọ́tò sì há ju ti kèrègbè lọ. Ọmọ-iṣẹ́ á wá fi igi gbá wáyà wọlé, ọ̀dà ara wáyà á bó. Lọ́jọ́ tí mọ́tò bá tún jóná, òun ni ọ̀gá yóò bá wí.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí a ká etí bébà méjèèjì síta bí a ti ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò, kí ó lè di etí irin mú. Ibẹ̀ gan-an ló sábà máa ń ya, ibẹ̀ ló sì ń di ìlọ́po méjì báyìí. Kí a ti fa ojú ìlà tí wọn yóò ká sára rẹ̀ ṣáájú. Kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yọ sókè lẹ́nu ihò bí àrọ, kí wáyà lè máa yọ́ wọlé. Lẹ́yìn náà kí a pa á dé, kí a sì fi ọparun pẹlẹbẹ tì í.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan yóò wí pé iṣẹ́ ẹ̀ńjìníà nìyí, kí ló kan Ẹ̀ka Yorùbá? Ó kàn wá. Láti 1970 ni ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ìdìpọ̀ méjèèjì Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Bámgbóṣé àti Awóbùlúyì ṣe olótùú wọn, wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n dá lé. Ní Aláúsá yìí kan náà ni wọ́n ti ṣe òfin tí gómìnà fọwọ́ sí ní 2018, tí ó sọ Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ń wé kọ́ìlì ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ gan-an nílò àbójútó. Bí a bá pe bébà yìí ní ‘ìdènà iná’, ẹlòmíràn á rò pé panápaná ni à ń sọ, nítorí iná la pe èyí tí ń jó, iná náà la pe ti mànàmáná. Àbá wa ni ‘adínà-mànàmáná’ fún gbogbo irú rẹ̀, àti ‘bébà àtẹ́sínú’ fún èyí tí ń wọ ihò. Kọ́ìlì àti fáníìṣì, kí wọ́n wà bí wọ́n ṣe wà. Ẹni tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún kọ́ìlì ń fi àkókò ṣòfò.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, nígbà ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ mú ìwé àti bírò lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Ẹ kí ọ̀gá, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń pe nǹkan wọn kí ẹ tó dá àbá ọ̀rọ̀ kankan. Lẹ́yìn èyí, kí àwa àti olùkọ́ iṣẹ́ iná jọ kọ ìlànà ojú ìwé kan ṣoṣo, tòun tàwòrán. Kí a gbé e fún ọmọ-iṣẹ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá ní láti béèrè nǹkan kí ó tó tẹ́ bébà náà, àwa ni kí a tún un kọ. Ohun tí a ó kọ́kọ́ tẹ̀ sójú ìlà ara bébà náà kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ: ‘Ká a síta níbí.’