"Bó Ṣe Máa Ń Ṣe Nìyẹn" Kì í Ṣe Àlàyé fún Ọkọ̀ Tó Ń Gbọ̀n Lójú Pópó

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn awakọ̀ tó ń ná òpópónà Èkó sí Ìbàdàn. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Bẹ́ágà, tí eré rẹ̀ sì ti wọ kìlómítà 90 ní wákàtí kan, sítíárìn a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àga a máa mì nídìí èrò. Bí ẹnì kan bá béèrè ohun tó fà á, èsì kan náà ni yóò gbọ́: "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Tó bá ti kọjá 100, yóò dákẹ́." Awakọ̀ á sì tẹ iná mọ́ ọn kí ọkọ̀ lè dákẹ́ lóòótọ́.

Èsì yẹn kì í ṣe àlàyé. Àìbìkítà tó wọ aṣọ ìrírí ni. Ọkọ̀ kì í dédé gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni gbígbọ̀n kì í ṣe ìwà tí wọ́n bí mọ́ ọkọ̀ kankan. Gbígbọ̀n tó ń bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n eré kan náà lójoojúmọ́ jẹ́ ìkìlọ̀ tó ṣeé kà, tó sì ṣeé tọ́pa dé ìdí. Ẹni tó bá kọ̀ láti kà á, tó tún kó èrò 14 sẹ́yìn, ti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ wọn.

Ìṣirò ọ̀rọ̀ náà kò le. Táyà ọkọ̀ kékeré kan, bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan, yóò ti lọ tó nǹkan bíi mítà 2. Bí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń yí ní nǹkan bí ìgbà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí apá kan rímù bá fi gíráàmù 30 péré wúwo ju apá kejì lọ, ìwúwo kékeré yẹn yóò máa fa ẹsẹ̀ ọkọ̀ bí ẹni pé ẹrù nǹkan bíi kílò 5 ni wọ́n so mọ́ ọn, tí wọ́n sì ń fì í yíká ní ìgbà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí eré bá di ìlọ́po 2, agbára náà á di ìlọ́po 4. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ kan náà fi ń lọ jẹ́jẹ́ nínú ìlú, tó sì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú nígbà tó bá bọ́ sójú pópó.

Kí ló wá dé tó fi ń dákẹ́ nígbà tí eré bá kọjá ìwọ̀n kan? Ẹni tó bá ti ti ọmọdé lórí jangirọ́fà rí mọ ìdáhùn rẹ̀. Ọwọ́ tó bá bọ́ sí àsìkò ló ń gbé ọmọ ga. Ọwọ́ tó bá yára ju bẹ́ẹ̀ lọ kò ní gbé e sókè mọ́, ṣùgbọ́n ara ọmọ ń gba ìyà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ rí. Ní kìlómítà 120, agbára tó ń na bẹ́árìn àti táyà fi ohun tó lé ní ìdá 40 nínú 100 ju ti kìlómítà 100 lọ. Àwọn tó jókòó sínú ọkọ̀ ni kò gbọ́ ọ mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn kì í ṣe ìwòsàn. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé òfin kò gba ọkọ̀ kékeré láyè láti kọjá kìlómítà 100 lójú pópó rárá, kò sì gba bọ́ọ̀sì èrò láyè láti kọjá 90. Rírú òfin ni wọ́n wá sọ di oògùn.

Àwọn kan yóò ní ọ̀nà ló bàjẹ́. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀nà kò dára, kòtò sì wà lára ohun tó ń wọ́ rímù tó sì ń já okùn inú táyà. Ṣùgbọ́n gbígbọ̀n tí ọ̀nà ń fà kì í ní ìlù: ó ń dé bí kòtò bá dé, ó sì ń lọ bí kòtò bá lọ. Gbígbọ̀n tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń fà dà bí ìlù tí onílù kan ń lù láìdáwọ́ dúró, tó ń yára bí eré bá ti ń pọ̀. Lórí apá tí wọ́n tún ṣe ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí ọ̀dà ti tẹ́jú bí awẹ́ obì, ọ̀nà kò ṣeé bú mọ́. Ọ̀nà tó dára ló tú àṣírí àrùn tí kòtò ti ń bá àwọn ọlọ́kọ̀ bò mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn àìbìkítà ni àbá dídá. Ọlọ́kọ̀ tó bá gbé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì yóò gbọ́ ìdájọ́ kí ẹnikẹ́ni tó wo ẹsẹ̀ ọkọ̀: "Ball joint ni." Wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n lọ. "Ó ní láti jẹ́ shaft." Wọ́n á pààrọ̀ ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní kó lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì, bẹ́ẹ̀ aláínmẹ́ǹtì kì í sábà mú ọkọ̀ gbọ̀n. Ohun tó ń fà ni kí ọkọ̀ máa yà sápá kan, kí táyà sì máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bálánsì, tó ń mú ìwúwo ẹsẹ̀ dọ́gba yíká, ni iṣẹ́ tó kàn, ó sì kéré lówó jìnnà sí àwọn ohun tí wọ́n ti rà. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá, ọlọ́kọ̀ ló sì ń sanwó oògùn méjèèjì.

Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ a máa béèrè ọ̀rọ̀ kó tó mú sípánà. Níbo ló ti ń gbọ̀n? Bó bá jẹ́ sítíárìn, ẹsẹ̀ iwájú ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò; bó bá jẹ́ àga àti ilẹ̀ ọkọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Nígbà wo ló ń gbọ̀n? Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láàárín 80 sí 100, yálà wọ́n tẹ iná tàbí wọn ò tẹ̀ ẹ́, sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ tí kò dọ́gba, rímù tó wọ́ tàbí táyà tó bàjẹ́. Èyí tó ń gbọ̀n kìkì nígbà tí wọ́n bá tẹ bíréèkì ń tọ́ka sí dísìkì bíréèkì tí ojú rẹ̀ kò tẹ́jú mọ́. Èyí tó ń le nígbà tí wọ́n bá tẹ iná, tó ń rọlẹ̀ bí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, ń tọ́ka sí shaft tàbí síìtì ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n lórí ìdúró nígbà tí wọ́n ń tẹ iná, ẹ́ńjìnnì ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ojijì ni gbígbọ̀n náà dé, tí ẹsẹ̀ kan ń fì tàbí tó ń kù gbì-gbì, kò sí ìbéèrè níbẹ̀ mọ́: nọ́ọ̀tì ti lè tú, tàbí kí táyà ti máa ya sọ́tọ̀. Kí awakọ̀ rọra dín eré kù, kó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Ìtọ́pinpin tó kù kò náni ju àkókò lọ. Kí wọ́n fi sípánà dán nọ́ọ̀tì wò. Kí wọ́n fọ ẹrẹ̀ tó gan mọ́ inú rímù, nítorí ẹrẹ̀ tó gbẹ sápá kan tó láti mú ọkọ̀ gbọ̀n. Kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara táyà yíká bóyá ó ní kókó. Bí ìwọ̀n táyà bá bára mu, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ iwájú rọ́pò ti ẹ̀yìn: bí gbígbọ̀n bá ṣí kúrò ní sítíárìn lọ sídìí àga, ọ̀daràn ti jẹ́wọ́. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni bálánsì, lẹ́yìn bálánsì ni kí ẹnikẹ́ni tó máa dárúkọ ball joint.

Ọ̀rọ̀ kò lè parí láìkan táyà tòkunbọ̀. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop náà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Láti ìgbà náà ni ọjà ti gbára lé ohun tó bá ti òkèèrè dé. Ìjọba fi òfin de kíkó táyà àlòkù ọkọ̀ kékeré wọlé, síbẹ̀ wọ́n tò ó bí òkìtì lẹ́bàá ọ̀nà. Nọ́ńbà 4 tó gbẹ̀yìn àmì DOT lára táyà ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ń kìlọ̀ pé kí táyà má kọjá ọdún 4. Mélòó nínú àwọn tó ń ra táyà ló ń ka nọ́ńbà náà kí wọ́n tó sanwó?

Àtakò tó lágbára jù ni ti owó. Táyà tuntun wọ́n, ebi sì ń pa ọ̀pọ̀ awakọ̀. Kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n gan-an nítorí pé owó kò sí ni àbá dídá kò fi yẹ. Olówó lè ra páàtì mẹ́ta kó tó bọ́ sórí èyí tó tọ́. Tálákà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kì í gba owó, wíwo ẹsẹ̀ ọkọ̀ kì í gba owó, fífọ rímù kì í gba owó.

Ohun tó kù wà lọ́wọ́ àwọn tó ń mójú tó ọ̀nà. Àyẹ̀wò tó mọ sórí ìwé ọkọ̀ àti ohun èlò ìpaná kò tíì kan ẹsẹ̀ tó gbé ọkọ̀ dúró. Kí wọ́n máa ka ọjọ́ orí táyà àwọn bọ́ọ̀sì èrò ní gáréèjì kí wọ́n tó gbéra, kí ẹgbẹ́ awakọ̀ sì sọ bálánsì di dandan fún ọkọ̀ tó ń rìnrìn àjò. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Èrò tó bá sì ní kí awakọ̀ dín eré kù nítorí pé ọkọ̀ ń gbọ̀n kò ṣe àfojúdi sí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀mí tirẹ̀ ló ń bèèrè.