Ìtọ́jú Ilé: Kí Kọ̀ǹpútà Kọ̀ọ̀kan Ní Àdírẹ́sì Tirẹ̀

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí kò jẹ mọ́ ọbẹ̀ tàbí aṣọ, síbẹ̀ ilé ni ó kàn. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Festac àti Kúje, ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni gbogbo ará ilé jọ ń lò. Bàbá ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ọmọ ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí tirẹ̀, ìyá sì ń fi fóònù polówó ọjà. Kí ni kò jẹ́ kí ohun tí ọmọ béèrè bọ́ sọ́wọ́ bàbá? Àdírẹ́sì ni.

Ẹ wo ìlú Festac. Wọ́n kọ́ ọ láti gba àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú, tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Nọ́ńbà ni wọ́n fi sọ ọ̀pọ̀ òpópónà rẹ̀ lórúkọ, wọ́n sì fi lẹ́tà A, B, D pe àwọn kúlóòsì tí ó yà lára wọn. Kúlóòsì A wà lábẹ́ òpópónà kan, òmíràn sì wà lábẹ́ òpópónà mìíràn. Kò sí ìdàrúdàpọ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí ń mú ìwé bọ̀ bá ti mọ òpópónà. Ṣùgbọ́n bí ilé méjì nínú kúlóòsì kan náà bá ń jẹ́ nọ́ńbà kan, ìwé yóò ṣìnà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti kọ̀ǹpútà. Àdírẹ́sì rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní IP, sábà máa ń jẹ́ nọ́ńbà mẹ́rin tí àmì ìdánudúró pín níyà, bí àpẹẹrẹ 192.168.1.5. Irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ kò lè ju 4,294,967,296 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn tí ó wà láyé ti lé ní bílíọ̀nù 8. Ní oṣù kejì ọdún 2011 ni wọ́n pín ìpín ìkẹyìn láti inú àká àgbáyé fún àwọn àjọ alágbàpín, tí AFRINIC ti ilẹ̀ Áfíríkà, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Mauritius, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Irú tuntun tí ó gùn jù bẹ́ẹ̀ ti wà, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ yìí ṣì wọ́pọ̀ nínú ilé. Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kí àwọn nọ́ńbà kan wà fún ìlò abẹ́lé nìkan, àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 sì wà lára wọn. Ilé yín lè ní 192.168.1.5, kí ti aládùúgbò náà ní in, kí ìjà má sì sí.

Ráútà tàbí MiFi ni ìyálé nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òun ni ó ń fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà bí ó ti ń wọlé. Bí ẹ̀rọ kan bá béèrè nǹkan láti ìta, ráútà yóò fi àdírẹ́sì ìta kan ṣoṣo tí ilé ń lò ránṣẹ́. Bí èsì bá dé, yóò wo àkọsílẹ̀ rẹ̀, yóò sì fà á lé ẹni tí ó ni ín lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ìyá tí ń bu oúnjẹ ti mọ abọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Wàhálà dé bí ẹ̀rọ méjì bá di nọ́ńbà kan mú. Ẹ̀kọ́ ọmọ yóò máa já, iṣẹ́ bàbá yóò máa dúró, wọn yóò sì máa bú ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì láìmọ̀ pé inú ilé ni àrùn wà. Ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ jẹ́ kí ráútà máa pín nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà sínú ẹ̀rọ kan, kí ó dá a padà sí «Automatic» tàbí «DHCP» nínú «Settings».

2. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá nílò nọ́ńbà tí kì í yí padà, inú ráútà ni kí ẹ ti fi í pamọ́ fún un.

3. Bí ẹ bá ra ráútà kejì kí íntánẹ́ẹ̀tì lè dé yàrá ẹ̀yìn, kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà rí i dájú pé ọ̀kan ṣoṣo ni ó ń pín nọ́ńbà. Ìyálé méjì kì í bu oúnjẹ nínú ìkòkò kan.

4. Ẹ wo ìdí ráútà, ẹ óò rí àdírẹ́sì tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà bí ẹni ń wá ìkànnì, ẹ óò rí orúkọ àwọn ẹ̀rọ tí ó wà nínú ilé yín. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ wádìí rẹ̀.

Ìkẹrin yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́kùn-únkúndùn. Nínú ilé, olúkúlùkù ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ní ìta, orúkọ kan ni gbogbo yín ń jẹ́. Aládùúgbò tí ẹ fún ní pásíwọ́ọ̀dù, bí ó bá fi lu jìbìtì, ẹnu ọ̀nà yín ni ipasẹ̀ náà yóò dé. Òtítọ́ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń kó oníbàárà púpọ̀ sábẹ́ àdírẹ́sì ìta kan, ṣùgbọ́n wọ́n ní àkọsílẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 ní Nàìjíríà pàṣẹ pé kí wọ́n pa irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ fún ọdún 2. Káàdì SIM tí ó wà nínú MiFi yín, orúkọ àti nọ́ńbà NIN ta ni ó wà lórí rẹ̀?

Èmi kò ní kí ẹ di ahun. Ọ̀pọ̀ ráútà ní ọ̀nà àlejò, tí wọ́n ń pè ní «Guest», tí kì í jẹ́ kí àlejò dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀rọ yín, tí ẹ sì lè tì nígbà tí ó bá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àdírẹ́sì ìta kan náà ni òun pàápàá ń gbà jáde. Nítorí náà, ẹni tí ẹ lè fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé nìkan ni kí ẹ fún ní pásíwọ́ọ̀dù, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ bí ayálégbé tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ bá kó lọ.

Àwọn ìyá wa a máa sọ fún ọmọ tí ń jáde pé, «Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe.» Ẹ̀rọ kò lè rántí, ẹ̀yin ni kí ẹ bá a rántí. Ó di oṣù tí ń bọ̀ o.