Ẹ Jẹ́ Ká Fi Yorùbá Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa Ní Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin ará wa ní Koko, ní Bantè àti Savalou,

Faransé ni àwọn ọmọ wa fi ń kàwé láti kékeré. Tí wọ́n bá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, Gẹ̀ẹ́sì á tún kún un, wọ́n á sì bá a pàdé nínú ìdánwò BEPC. Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì ló ń dà wọ́n láàmú jù. Àwọn kan wá ń sọ pé Yorùbá tí a ń sọ nílé ló ń bà á jẹ́ fún wọn. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wò ó. “J'ai mangé” ni Faransé ń lò fún “mo jẹun” àti fún “mo ti jẹun”. Ọmọ tó bá gba ojú Faransé wo Gẹ̀ẹ́sì á kọ “I have eaten yesterday”. Àṣìṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n Yorùbá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀: “mo jẹun lánàá” ni “I ate yesterday”, “mo ti jẹun” ni “I have eaten”. Bákan náà, “je mange” lè jẹ́ “mo ń jẹun”, ó sì lè jẹ́ “mo máa ń jẹun”. Gẹ̀ẹ́sì ya “I am eating” kúrò lára “I eat”, bí àwa náà ṣe yà wọ́n. Kò sí ẹni tó ń sọ pé “mo ń mọ̀ ọ́n” nínú wa. Gẹ̀ẹ́sì náà kì í sọ pé “I am knowing him”.

Lóòótọ́, Yorùbá ò lè ràn wá lọ́wọ́ níbi gbogbo. Mo máa ń lọ, ó máa ń lọ, mo lọ lánàá: “lọ” kan náà ni. Gẹ̀ẹ́sì á sọ ọ́ di “I go”, “he goes”, “I went”. “Ó” tiwa ò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, àwọn ní “he” àti “she”. Ìyẹn, àfi kí ọmọ máa fi ẹnu sọ ọ́ títí yóò fi mọ́ ọn lára.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó gbọ́ Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi ṣàlàyé. Ẹ̀yin ará wa tó ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà tí ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bọ̀, ẹ má fi ọmọ tó ṣì í sọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ tún un sọ fún un. Ọmọ tí a bá fi rẹ́rìn-ín lónìí kò ní la ẹnu mọ́ lọ́la.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.