Kì í Ṣe Alternator: Wáyà Ẹ́ẹ̀tì Ló Ń Gbé Ariwo Wọ Rédíò Mọ́tò

Ọkọ̀ ìpolówó ni. Kọ̀ǹpútà alágbèéká wà lórí ìjókòó iwájú, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti inú rẹ̀ wọ ojúhò AUX lára rédíò, ṣájà rẹ̀ sì wà nínú ihò tí wọ́n dìídì ṣe fún ìtanná sìgá. Bí awakọ̀ bá ti yí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ́ńjìnnì sì dáhùn, ohun kan á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bíi yànmùyánmú lábẹ́ ohùn tó ń polówó àgbo. Ó tẹná, ariwo náà gòkè. Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ réwáyà. Kí réwáyà tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá ló ti dájọ́: "Ọ̀gá, alternator yín ló ń kú lọ. Ẹ lọ ra òmíràn ní Ládípọ̀."

Ìdájọ́ yẹn ni ìwé pẹlẹbẹ yìí wá tako, nítorí owó oúnjẹ àwọn tó ń fi ọkọ̀ wọn jẹun ló ń kó lọ. Àwọn ènìyàn ti yọ alternator tí kò ní àrùn kankan dànù. Wọ́n ti ra amplifier tuntun ní Alábà. Wọ́n ti so kapásítọ̀ gbàǹgbà mọ́ wáyà bátìrì, èyí tó wúlò fún iná tó ń ṣẹ́jú bí báàsì bá dún, tí kò sì kan ọ̀rọ̀ ariwo yìí rárá. Yànmùyánmú náà ṣì ń kùn.

Ìdí tí àṣìṣe náà fi rọrùn láti gbà ni pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Iná tí alternator ń ṣe kì í dúró sójú kan. Ọ̀wọ́ mẹ́ta tó ń lọ tó ń bọ̀ ni, diode mẹ́fà ló sì sábà máa ń yí i padà sí irú èyí tí bátìrì lè gbà. Ìyípadà náà kì í pé: ìgbì kékeré kan máa ń ṣẹ́kù lórí nǹkan bíi fóólìtì 14 tó ń jáde. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yára ni ìgbì náà ń yára, ìdí nìyẹn tí ohùn náà fi ń bá ẹsẹ̀ awakọ̀ gòkè. Alternator ló ni ìgbì náà, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo alternator tó ń ṣiṣẹ́ ló ní in, títí kan èyí tó wà nínú ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-iṣẹ́ lánàá.

Kí awakọ̀ náà fa wáyà AUX yọ kúrò lára rédíò, kó yí i sí ilé-iṣẹ́ FM kan. Alternator ò kúrò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, sípíkà kan náà ni, ohùn sì mọ́ gaara. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Alternator ni aláǹgbá. Ta ló wá la ògiri?

Ìdánwò kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí wáyà AUX padà sáyè rẹ̀, kí ariwo náà máa kùn. Kí wọ́n wá yọ ṣájà kọ̀ǹpútà, kó máa lo bátìrì inú ara rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ariwo náà á pa lọ́lọ́ lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan alternator. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan amplifier. Ṣájà nìkan ló kúrò níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Irin ara ọkọ̀ ni ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí orí nẹ́gétíìfù bátìrì. Òun ni àwọn réwáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Rédíò ní ẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ṣájà kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ níbòmíràn. Bí wáyà AUX bá ti wá so kọ̀ǹpútà mọ́ rédíò, bàbà tó yí wáyà orin náà ká á di ọ̀nà mìíràn fún iná, òrùka kan á sì pé: láti rédíò sí kọ̀ǹpútà, láti kọ̀ǹpútà sí ṣájà, láti ṣájà sí ara ọkọ̀, kó tó padà sí rédíò. Ẹ́ẹ̀tì méjì nínú ọkọ̀ kan kì í sì fi bẹ́ẹ̀ bára dọ́gba. Wáyà tó gùn ń dí iná lọ́wọ́ díẹ̀, ọ̀dà ń dí i, irin tó dípẹtà ń dí i jù.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ìdíwọ́ tó wà lójú ẹ́ẹ̀tì ṣájà bá jẹ́ ohm 0.05 péré, tí iná tí kọ̀ǹpútà ń fà sì ń lọ sókè sódò pẹ̀lú ampere 1, millivolt 50 ló máa yọ jáde láàárín ẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Orin tó ń kọjá nínú wáyà AUX fúnra rẹ̀ lè má ju nǹkan bíi millivolt 300 lọ. Ariwo tó tó ìdá kan nínú mẹ́fà orin ti wọlé nìyẹn, amplifier á sì sọ méjèèjì di ńlá pọ̀, torí kò mọ èwo ni wọ́n fẹ́ nínú wọn. Amplifier tuntun ò ní mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀rí kan tún wà tó le ju èyí lọ. Kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí iná ihò sìgá náà ṣì wà, kí ṣájà wà níbi tó wà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbọ́ ohùn mìíràn nígbà náà: ó ń ta kíkẹ̀kẹ́ bí ìka bá ṣe ń fa atọ́ka kiri ojú kọ̀ǹpútà, tàbí ó ń kùn díẹ̀ bí fáìlì ńlá bá ń ṣí. Alternator ti sùn ní àkókò yẹn. Iná tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń lò ló ń gba ara wáyà orin wá ẹ́ẹ̀tì lọ.

Ìgbàgbọ́ àtijọ́ náà ṣẹ̀ láti ibi tó dára. Nígbà tí àwọn Galvin, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, gbé rédíò mọ́tò tí wọ́n pè ní Motorola jáde ní Chicago ní ọdún 1930, ẹ̀ta iná púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì jẹ́ ìṣòro ńlá. Afẹ́fẹ́ ló ń gbà wọ inú rédíò, ìdí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n sì ti ní láti pa á. Rédíò ìgbà yẹn kò ní ojúhò tí kọ̀ǹpútà lè wọ̀. Ariwo kan ṣì wà lónìí tó ń gba afẹ́fẹ́, èyí tó ń ta kìtìkìtì nígbà tí ìpè bá fẹ́ wọlé sórí fóònù 2G: fóònù náà ń fọ́n ìgbì rẹ̀ jáde ní nǹkan bí ìgbà 217 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí wọ́n gbé e jìnnà sí wáyà orin, ó tán.

Alternator máa ń bàjẹ́ lóòótọ́. Bí ọ̀kan nínú àwọn diode náà bá jó, ìgbì á di ńlá. Ṣùgbọ́n mítà ni yóò sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe etí: kí wọ́n yí mítà sí AC, kí wọ́n fi í sórí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bó bá ju nǹkan bíi ìdajì fóólìtì lọ, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Irú alternator bẹ́ẹ̀ kì í sì í sábà fi ariwo nìkan hàn; bátìrì lè máa kú mọ́jú, iná iwájú lè máa ṣẹ́jú. Iṣẹ́ ọlọ́lá ni iṣẹ́ réwáyà, ó sì yẹ kí mítà wà nínú àpò gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ ọ.

Ojú bóòtù ni àtúnṣe wà. Kí réwáyà tú ẹ́ẹ̀tì ṣájà tàbí ti inverter, kó fi sáńpépà ha ọ̀dà ibẹ̀ títí irin á fi máa dán, kó fi wáyà kúkúrú tó nípọn bíi ti pọ́sítíìfù so ó padà. Èyí tó dára jù, bí àyè bá gbà, ni kí rédíò, amplifier àti ṣájà jọ lo ojú ẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní ground loop isolator, tí wọ́n ń fi sáàárín kọ̀ǹpútà àti rédíò. Transformer kékeré méjì ló wà nínú rẹ̀: agbára òòfà ló ń gbé orin ré kọjá, bàbà kò kan bàbà, òrùka náà sì já. Àwọn olówó pọ́ọ́kú a máa jẹ díẹ̀ nínú báàsì. Bluetooth náà ń já òrùka, àmọ́ ẹni tó bá ra ẹ̀rọ Bluetooth tó ń fa iná láti ihò sìgá, tó sì tún ń fi wáyà wọ AUX, lè ti fọwọ́ ara rẹ̀ so òrùka náà padà.

Ohun méjì wà tí wọn kò gbọdọ̀ dán wò. Àwọn kan a máa gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì kọ̀ǹpútà tó wà lórí inverter, ariwo a sì lè dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fóólìtì 230 ló ń jáde níbẹ̀, ẹ̀mí ènìyàn sì ni ẹsẹ̀ kẹta yẹn ń dáàbò bò. Àwọn mìíràn a tú ẹ́ẹ̀tì amplifier sílẹ̀. Iná tó yẹ kó gba ibẹ̀ padà á wá gba inú wáyà orin tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sínú rédíò, ó sì lè jó o.

Ní ti ọkọ̀ ìpolówó yẹn, ẹ́ẹ̀tì ihò sìgá tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Bí wọ́n bá ti ha á tí wọ́n sì ti dì í le, kí wọ́n fi gíríìsì díẹ̀ bò ó, torí ọ̀rinrin àsìkò òjò Èkó lè tún mú kí ibẹ̀ dípẹtà, kí yànmùyánmú náà sì padà wá.