Ẹsẹ̀ Loògùn Rẹ̀

“Kí ojú má rìíbi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀.” Sísá fún ewu ni wọ́n sábà máa ń fi òwe yìí kọ́ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá dì sínú òpójẹ̀ ọpọlọ, àrùn rọpárọsẹ̀ lè gba ẹsẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ ará ilé ló kù tí yóò ṣe oògùn, ilé ìwòsàn ló sì gbọ́dọ̀ forí lé.

Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé mọ́ nínú ọpọlọ kì í pẹ́ kú. Oògùn alteplase, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àrùn yìí ní 1996, lè yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì náà, àmọ́ láàárín wákàtí 4 àbọ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún aláìsàn. Ó léwu díẹ̀: nínú ìwádìí 1995 tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀, nǹkan bí 6 nínú 100 ni ẹ̀jẹ̀ ya sí lọ́pọlọ. Síbẹ̀, lẹ́yìn oṣù 3, àwọn tó gbà á ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ara wọn padà bọ̀ sípò. Bó bá jẹ́ òpójẹ̀ ńlá ló dí, dókítà lè ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò gba inú òpójẹ̀ itan dé ọpọlọ, kí ó fa ìdì náà jáde. Fún àwọn kan, èyí ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di wákàtí 24.

Ìṣirò wákàtí yìí le fún ẹni tí àrùn bá lójú oorun. Ẹni tó sùn ní aago 10 alẹ́ tí nǹkan kan kò ṣe é, tó jí ní aago 5 ìdájí tí ẹnu rẹ̀ ti wọ́, aago 10 ni dókítà yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń béèrè lẹ́nu ọ̀nà pé, “Ìgbà wo lẹ rí wọn gbẹ̀yìn tí ara wọn dá?” Àdí tí wọ́n ń fi ra apá nílé ń jẹ nínú wákàtí yẹn. Asipirín tí wọ́n bá fi àánú fún un nílé náà léwu, torí pé àmì òpójẹ̀ tó bẹ́ nínú ọpọlọ àti ti èyí tó dí jọra lójú. Àwòrán inú orí tí ẹ̀rọ CT ń yà ló ń fi ìyàtọ̀ wọn hàn.

Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn tó ní CT àti alteplase lárọ̀ọ́wọ́tó kò pọ̀, owó rẹ̀ sì ga. Asipirín lẹ́yìn CT, ìtọ́jú fún oúnjẹ gbígbé mì, àti eré ìdárayá ìwòsàn ni ọ̀pọ̀ ń rí gbà. Oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ ni ara máa ń yá jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtẹ̀síwájú kò parí síbẹ̀. Àrùn náà sì lè padà wá. Ìwádìí SIREN, tí Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣíwájú rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà, fi ẹ̀jẹ̀ ríru ṣáájú gbogbo ohun tó ń fà á. Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ dá a dúró torí pé orí kò fọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fọ́ni lórí.