Ẹ̀yin Asáré, Ẹ Máa Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Ó dùn mọ́ mi pé láti ọdún 2016 tí eré ìje kìlómítà 42 ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, tọkùnrin tobìnrin ló ń jí sáré. Ṣùgbọ́n àwọn tí ojúgun ń dùn kò wọ́n ní dìsípẹ́ńsárì wa. Bí mo bá bi wọ́n pé, “Kìlómítà mélòó lẹ sá lọ́sẹ̀ tó kọjá?” orí ni wọn yóò máa họ.

Lójú tèmi, ìwé kékeré kan wúlò fún asáré ju bàtà olówó ńlá lọ. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ kọ iye tí ẹ óò sá lọ́sẹ̀ náà, àti ọjọ́ ìsinmi. Lálaalẹ́, ẹ kọ iye tí ẹ sá gan-an àti ibi tó ń dùn yín. Lówùúrọ̀, kí ẹ tó dìde, ẹ ka iye ìgbà tí iṣan ọrùn ọwọ́ yín lù ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó lè jẹ́ àárẹ̀ tàbí ibà ló ń bọ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Egungun tí kò rí ìsinmi lè là. Ìwé yín ni yóò tètè fi hàn pé ẹ ti fi kún eré jù.

Àmọ́ ìwé kì í ṣe ọ̀gá. Bí ara bá gbóná, ẹ fagi lé eré ọjọ́ náà. Bí ìrora kò bá lọ, ẹ wá rí wa, kí ẹ sì mú ìwé náà lọ́wọ́.