Gègé Tí Ó Wà Lọ́wọ́ Ọlá Balógun

Bí a bá ń ka àwọn tí wọ́n sọ èdè Yorùbá di ohun tí ojú ń wò tí etí sì ń gbọ́ nínú gbọ̀ngàn sinimá, a kò gbọdọ̀ fo orúkọ Ọlá Balógun dá, ẹni tí a bí sí Aba ní ọdún 1945, tí ó kàwé ní Dakar àti ní Caen, tí ó sì kọ́ iṣẹ́ sinimá yíyà ní Paris, kí ó tó padà wálé wá dá ilé-iṣẹ́ Afrocult sílẹ̀, níbi tí ó ti di ọ̀gá ara rẹ̀.

Èdè òyìnbó méjì ni ó wà lẹ́nu rẹ̀, ti Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni kò tìtorí wọn kẹ̀yìn sí èdè abínibí. Ní 1975 ó ṣe Amadi ní èdè Ìgbò. Ní 1976 ó gbé Àjàní Ògún jáde ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú Dúró Ládiípọ̀ àti Adéyẹmí Afọláyan, àwọn ọmọ alárìnjó tí èrò ti ń wọ́ tẹ̀ lé kiri ìlú tẹ́lẹ̀. Òun náà ni ó sì darí sinimá Ayé fún Hubert Ògúndé, ọmọ Òsosà, àgbà òṣèré tí gbogbo Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè fi ń yangàn.

Kámẹ́rà ni àwọn ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Èmi gbà pé gègé rẹ̀ kò kéré sí kámẹ́rà náà. Ní 1968, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní onísinimá, ni wọ́n ti tẹ eré rẹ̀ lórí Ṣàngó jáde ní ilẹ̀ Faransé, ní èdè Faransé. Nígbà tí ó sì di 1973, ó tún fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé lórí wàhálà tí ó dé bá Nàìjíríà láàrin 1966 sí 1970.

Ìwé wọ̀nyẹn kò tí ì parun, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn sinimá rẹ̀ ti di àwátì. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fọ́nrán sinimá ayé ìgbà náà, ẹ̀dà rẹ̀ kì í sì í pọ̀, nítorí owó rẹ̀ ga. Bí ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa bá sì ti mú un nínú agolo, yóò máa rùn bí ọtí kíkan, yóò súnkì, àwòrán inú rẹ̀ yóò sì bàjẹ́. Ẹ wo Ìjà Òmìnira, tí Balógun yà láti inú Ọmọ Olókùn-Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ. Àìmọye ọmọ ilé-ìwé ni ó ti ka ìwé Fálétí. Mélòó nínú wọn ni ó fojú kan sinimá náà rí? Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ta ni yóò wá pa àrọ́bá sinimá tí kò fi ìwé kankan sílẹ̀?

Sembène Ousmane ará Senegal gba òdì kejì wá. Ìwé ni ó kọ́kọ́ kọ, kí ó tó gbé kámẹ́rà nítorí àwọn ènìyàn rẹ̀ tí kò lè ka Faransé. Ìwé tirẹ̀ ni ó sì sọ di Mandabi ní 1968, ní èdè Wolof. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Nítorí náà ni mo ṣe ń ké sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi fóònù àti kámẹ́rà ya eré kiri Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní etí omi ní Abigi, Iwopin àti Mákùn-Omi, níbi tí ìtàn apẹja àti ọlọ́kọ̀ ọ̀sà pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni tíì yà lọ: ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ eré yín parí sí ẹnu òṣèré. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ tán pátá, ní Yorùbá gidi, kí ẹ sì fi ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú sí ẹnu ẹni tí ó bá yẹ, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀. Kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìwé. Kí Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, tí ó ti wà ní Àgọ́-Ìwòyè láti 1982, ṣí àyè sílẹ̀ fún irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú ilé ìkàwé rẹ̀. Mo sì bẹ Kábíyèsí Ọrímolúsì ti Ìjẹ̀bú-Igbó àti Kábíyèsí Ẹbumáwé ti Àgọ́-Ìwòyè, kí wọ́n rọ àwọn olówó ìlú láti ran àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ́wọ́ nínú owó ìtẹ̀wé, nítorí owó náà kò tó ìdá kékeré nínú èyí tí a ń ná lórí òde ọjọ́ kan ṣoṣo.